Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: mo fẹ́ kọ́ kóòdù láti Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ni kí n kọ́kọ́ mú?

ỌmọGàrí_Igbó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ń gbé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí OND ni, mo sì ti pinnu pé mo máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, kí n tó padà sílé ìwé. Àmọ́ orí mi ti dàrú. Láti bí oṣù mẹ́ta, kọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án ni mo ti dáònlóòdù, mi ò parí ẹyọ kan. Mo bẹ̀rẹ̀ JavaScript, ọ̀kan nínú èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, mo ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rẹ́ mi kan ní èdè míì, Python, lọjà ń fẹ́ báyìí, mo bọ́ sórí Python, ẹlòmíì tún ní tí mi ò bá kọ́ èdè C ṣáájú, ìpìlẹ̀ mi ò ní dúró, mo tún lọ wá C.

Láptọ́ọ̀pù tí mo ní, HP àtijọ́ kan tí bọ̀ọ̀dá mi fún mi ni, RAM ẹ̀ 4GB, Windows 7 ló wà lórí ẹ̀, bátìrì ẹ̀ ò sì lè lò ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ iná, ẹ ti mọ̀. Fídíò ni mo ń wò, gbogbo owó tí màmá mi bá fún mi ló ń bá dátà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa sọ fún àbúrò yín: ibo ni kí n ti kọ́ ọ, kí sì ni kí n fi máa kọ ọ́?

Ẹ̀gbọ́n_Ìwòyè

Àbúrò, o káre tó o jáde béèrè. Kì í ṣe pé o ò rí ibi kọ́ṣẹ́, ibi tó o rí ló pọ̀ jù. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, mẹ́sàn-án sì nìwọ ń lé. Má tíì béèrè èdè tó dáa jù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kọ́kọ́ sọ ohun tó o fẹ́ fi ṣe. Tó bá jẹ́ ohun táwọn èèyàn máa ṣí lórí fóònù wọn bíi wẹ́ẹ̀bùsáìtì, HTML àti CSS tí wọ́n fi ń to ojú ewé lo máa fi bẹ̀rẹ̀, JavaScript lẹ́yìn ẹ̀, kò sọ́nà ẹ̀bùrú kankan níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ìṣirò, àkọsílẹ̀ ọjà, tàbí iṣẹ́ kan tó o máa ń fọwọ́ ṣe lójoojúmọ́ tó o fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa bá ẹ ṣe, Python ni. Tó bá jẹ́ ápù Android lo ní lọ́kàn, Kotlin ni Google ti fi síwájú láti 2019, ṣùgbọ́n Android Studio tí wọ́n fi ń kọ ọ́ ń béèrè RAM 8GB ó kéré tán, láptọ́ọ̀pù ẹ ò lè gbé e, gbé ìyẹn tì ná.

Tó o bá ti mú ọ̀kan, fi oṣù mẹ́ta fún un, kó o má sì wojú ẹnikẹ́ni. Python wà láti 1991, JavaScript wà láti 1995, kò séyìí tó ń sá lọ nínú wọn. Ohun tó o bá kọ́ nínú ọ̀kan, bíi if (ṣíṣe ìpinnu), loop (ṣíṣe nǹkan léraléra), function (iṣẹ́ tó o fún lórúkọ), ìdajì ẹ̀ lo máa bá pàdé nínú ìkejì.

Ibi tí màá ní kó o lọ ni freeCodeCamp, wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí wọ́n ti ń kọ́ kóòdù. Ọ̀fẹ́ ni, sátífíkéètì ẹ̀ gan-an ọ̀fẹ́ ni, ohun tí mo sì fẹ́ràn jù ni pé kíkà àti kíkọ ló pọ̀ nínú ẹ̀, ó máa ṣàlàyé nǹkan kékeré kan fún ẹ, wàá kọ ọ́, tí kò bá tọ̀nà kò ní jẹ́ kó o kọjá. Wọ́n ní fídíò lórí YouTube náà o, òmíì gùn ju wákàtí mẹ́rin lọ, irú ìyẹn ló ń jẹ dátà ẹ. Tó bá jẹ́ HTML àti JavaScript lo mú, MDN, wẹ́ẹ̀bùsáìtì ìwé àlàyé wọn, ni kó o máa ṣí tí nǹkan bá ta kókó, má lọ máa wá a kiri.

TẹlọÌpẹru

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Èmi tẹ́lọ̀ ni mí ní Ìpẹru, fóònù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ó tó ọdún kan kí n tó rówó ra láptọ́ọ̀pù. Kẹ́ni kẹ́ni má sọ fún ẹ pé kò ṣeé ṣe. Ápù Pydroid 3 ni mo fi kọ Python, tó bá ti wọlé sórí fóònù tán kò tún béèrè dátà lọ́wọ́ ẹ mọ́, o lè wà nínú bọ́ọ̀sì láti Ṣàgámù dé Òde kó o máa kọ kóòdù. Ápù Acode ni mo lò fún HTML. Ohun tó máa dà ẹ́ láàmú ni kíbọ́ọ̀dù, torí àmì kólọ́ọ̀nù àti àmì ìkámọ́ wà lójú ewé míì, wàá máa lọ máa bọ̀, ìlà kan á gbà ẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ra okùn OTG tó ń so nǹkan USB mọ́ fóònù, mo fi kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà àlòkù sí i, àtìgbà yẹn ni ara tó tù mí.

Ìwé àjákọ nìkejì. Lọ́dún tó kọjá nígbà tí Ojúde Ọba ń bọ̀, aṣọ ẹgbẹ́ méjì ló wà lọ́wọ́ mi, ọ̀sán òru la fi ń rán an, mi ò fọwọ́ kan kóòdù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko. Nígbà tí mo padà dé, mo wo ohun tí èmi fúnra mi kọ, kò yé mi. Àtìgbà yẹn, kí n tó pa á tì lálẹ́, mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú Yorùbá: ibi tí mo dé rèé, ohun tó kù rèé, ohun tí kò yé mi rèé. Ìwé yẹn kì í béèrè iná.

Àǹtí_TíṣàÒde

Ọ̀rọ̀ ìwé àjákọ yẹn dùn mọ́ mi, TẹlọÌpẹru. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà nílé ìwé girama kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ohun tí mo sì rí lára wọn náà ni mo rí lára àbúrò wa yìí. Wíwò kì í ṣe kíkọ́. Èèyàn á wo fídíò wákàtí méjì, olùkọ́ inú ẹ̀ á máa kọ ọ́ geere, á dà bíi pé ó yé ẹ, ṣí ojú ewé òfìfo kó o wá kọ ọ́ fúnra ẹ, ọwọ́ á kọ̀. Tó o bá máa wo fídíò rárá, wo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pa á, kọ ohun tó o rí láti orí ara ẹ, kó o tó padà lọ wò ó bóyá o gbà á. Má ṣe kọ́pì kóòdù kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, fi ìka ẹ tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ti ń gbowó náà wà o, torí mo mọ̀ pé wọ́n á ti máa fi páḿfúlẹ́ẹ̀tì lé ẹ lọ́wọ́. Èmi náà sanwó síbì kan ní 2021, mi ò ní dárúkọ wọn. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní, àwa bíi ogójì ló wà nínú yàrá kan, èdè mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ kọ́ wa, olùkọ́ á kọ kóòdù sójú pátákó, àá dà á kọ sínú ìwé bí ẹni ń da nóòtù ìtàn kọ. Kò sẹ́ni tó wo iṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó sọ pé ibi báyìí lo ti ṣì í. Wọ́n fún mi ní sátífíkéètì, mi ò lè kọ ìṣirò ìdíyelé. Ó dùn mí gan-an torí owó àjọ ni. Àbúrò, kì í ṣe pé kó o má sanwó rárá, olùkọ́ tó dáa tọ́wó ẹ̀ tọ́ wà, ṣùgbọ́n kó o tó san kọ́bọ̀, ní kí wọ́n fi ohun táwọn tó ti jáde fọwọ́ ara wọn kọ hàn ẹ́, ṣí i lórí fóònù ẹ kó o rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, kó o wá béèrè pé ta ló máa máa yẹ iṣẹ́ mi wò, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀? Tí wọ́n bá ń kólòlò níbẹ̀, kó bàtà ẹ.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe_Ṣàgámù

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ẹ̀rọ, iṣẹ́ mi nìyẹn. Àbúrò, Windows 7 yẹn ló máa kọ́kọ́ bá ẹ jà, kóòdù ò ní tíì dé ẹ lọ́wọ́. Python 3.8 ló kẹ́yìn tó gbà láti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, 3.9 síwájú ò gbà. VS Code, ápù tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, èyí tó ń jáde báyìí náà ò gbà á mọ́. Wọ́n á gbé irú láptọ́ọ̀pù báyìí wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọ á ti fi ọjọ́ mẹ́ta dáònlóòdù, á máa rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́, tó o bá lè rówó, ní kí wọ́n yọ hard disk àtijọ́ yẹn kí wọ́n fi SSD, ibi ìtọ́jú tó yára jù ú lọ, sí i, kékeré bíi 120GB tó ẹ, wàá rò pé wọ́n pààrọ̀ láptọ́ọ̀pù fún ẹ ni, bátìrì náà á tún rọ́nà mí díẹ̀. Ìkejì ò gba owó: Linux Mint, ohun tó máa rọ́pò Windows, ẹ̀dà Xfce tó fúyẹ́. 4GB tó o ní yẹn tó fún un dáadáa, Python sì ti wà nínú ẹ̀ kó o tó débẹ̀. Kó fọ́tò àti ìwé ẹ sórí flash kó o tó dán an wò o, torí ó máa nu ohun tó wà níbẹ̀ kúrò. Tó o bá ń bẹ̀rù, gbé e wá, tàbí kó o wá ẹni tó ti ṣe é rí kó jókòó tì ẹ́.

Tó o bá fẹ́ wà lórí Windows náà, kò burú, mú Python 3.8 yẹn, àmọ́ bó o bá ṣe ṣí i láti fi sórí kọ̀ǹpútà, wo ìsàlẹ̀ ojú ewé àkọ́kọ́, àpótí kékeré kan wà tó dárúkọ PATH, ibi tí Windows ti ń wá àwọn àṣẹ, kì í sí àmì níbẹ̀, tẹ̀ ẹ́ kí àmì wọlé. Ọ̀pọ̀ ló ń fò ó. Tó o bá fò ó, wàá kọ python sójú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, Windows á ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wàá wá rò pé kò wọlé.

Ní ti ibi tó o máa máa kọ ọ́ sí, VS Code dáa, ọ̀fẹ́ ni, láti 2015 ni Microsoft ti gbé e jáde, òun ni èmi náà ń lò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Python, Thonny, ápù míì tí wọ́n fi ń kọ ọ́, ni màá fún un. Yunifásítì Tartu ní Ẹstóníà ni wọ́n ti ṣe é fún akẹ́kọ̀ọ́, Python ti wà nínú ẹ̀, bọ́tìnnì ò pọ̀ lójú ẹ̀, o sì lè ní kó máa gbé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó o máa rí ohun tó wà nínú iye kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń yí padà. VS Code á kún fún extension (àfikún) oríṣiríṣi, ọmọ á lo ọ̀sẹ̀ kan nídìí àwọ̀ tó máa fi sí i.

AkẹkọọÌlíṣàn

Ẹ má bínú o ẹ̀yin àgbà, kò sẹ́ni tó dáhùn ọ̀rọ̀ C tí àbúrò wa mẹ́nu kàn, èmi gbà pé ó yẹ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. CS50, kọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà ti Yunifásítì Harvard lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo ṣe, ọ̀jọ̀gbọ́n David Malan ló ń kọ́ wọn, Scratch, èdè tí wọ́n ń fi bulọ́ọ̀kì to, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ C, Python ò dé àfi lọ́sẹ̀ kẹfà. Nígbà tí mo fi máa dé Python, mo ti mọ ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lábẹ́lẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀, sátífíkéètì CS50 fúnra ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni, ti edX, wẹ́ẹ̀bùsáìtì míì tó gbé e, ni wọ́n ń gbowó lé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa yín láyò.

Ẹ̀gbọ́n_Ìwòyè

@AkẹkọọÌlíṣàn, CS50 dáa, mi ò bá ẹ jiyàn. Ṣùgbọ́n iná àti Wi-Fi ilé ìwé lo fi ṣe é. Fídíò kíláàsì kan níbẹ̀ fẹ́ẹ̀ tó wákàtí méjì, iṣẹ́ àṣetiléwá ẹ̀ le, ọmọ tó ń dá kọ́ ọ nílé pẹ̀lú bátìrì wákàtí kan ààbọ̀ lè já a sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì kó wá rò pé ọpọlọ òun ni kò gbé e. Kó fi nǹkan míì múlẹ̀ ná, tó bá tó oṣù mẹ́fà kó padà sí i, á gbádùn ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

AkẹkọọÌlíṣàn

Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Àwa mẹ́ta la sì jọ ṣe é, tó bá le a máa ń jọ jókòó tì í. Ǹ bá ti já a sílẹ̀ ká ní èmi nìkan ni.

Ìyá_Ìbejì_Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Òru ni mo fi kọ́ tèmi nígbà táwọn ọmọ bá sùn, JavaScript ni mo kọ́, nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ fi kún un.

Ti àìsí dátà ná: tó o bá rí Wi-Fi ọ̀fẹ́ níbì kan lọ́jọ́ kan, má fi dáònlóòdù fídíò. Lọ sí wẹ́ẹ̀bùsáìtì DevDocs, ó ní àyè tó o ti lè ní kó kó ìwé àlàyé HTML, JavaScript tàbí Python pa mọ́ sínú browser ẹ, wàá máa kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Python náà gbé gbogbo ìwé àlàyé ẹ̀ sílẹ̀ ní fáìlì zip lórí docs.python.org, ọ̀fẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ChatGPT. Mo mọ̀ pé o ti ń lò ó, gbogbo wa la ń lò ó. Má ní kó bá ẹ kọ kóòdù ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yìí, mo bẹ̀ ẹ́. Kọ tìẹ, tó bá kọ̀, gbé error (ọ̀rọ̀ àṣìṣe tó jáde) yẹn fún un kó o ní kó ṣàlàyé ohun tí error náà ń sọ, kó má tún un ṣe. Ẹni tó ń jẹ́ kí wọ́n máa gbé òun kọjá odò, kò ní mọ̀wẹ̀ láéláé. Kó o tó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pàápàá, ka error yẹn fúnra ẹ. Ti Python, ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni kó o kọ́kọ́ kà, òun ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìlà tó wà lókè ẹ̀ á sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀kẹta, iná lọ lójú mi lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ alẹ́ mẹ́rin lọ bẹ́ẹ̀, mi ò tíì tọ́jú ẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Máa tẹ Ctrl àti S bí ẹni ń mí. Tó bá tó oṣù kan, kọ́ Git tó ń tọ́jú gbogbo ẹ̀dà iṣẹ́ ẹ, kó o ṣí àkántì GitHub, ibi ìtọ́jú ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó o máa gbé e síbẹ̀, ibẹ̀ náà lo ti máa rí ohun fi han ẹni tó bá fẹ́ gbà ẹ́ síṣẹ́. Má tíì kó gbogbo Git sórí, àṣẹ mẹ́ta, add, commit àti push, tó ẹ fún ọdún kan.

ỌmọGàrí_Igbó

Ẹ ṣé gan-an, mo kà á tán lẹ́ẹ̀mejì. Python ni mo mú. Màmá mi ń ta gàrí, wọ́n máa ń gbé e lọ sí Òkè-Ajé ní Òde, orí ni wọ́n fi ń ṣírò gbogbo ẹ̀, tó bá dalẹ́ wọ́n á ní owó ò pé. Ohun tí mo fẹ́ fi ṣe nìyẹn. Mo ti pa kọ́ọ̀sì mẹ́jọ rẹ́ kúrò lórí láptọ́ọ̀pù.

Ẹ̀gbọ́n_Ìwòyè

Háà, o ti rí i! Má dúró di ìgbà tó o bá parí kọ́ọ̀sì. Ohun tó o bá kọ́ lówùúrọ̀, fi sínú ti gàrí yẹn lálẹ́.

ỌmọGàrí_Igbó

*lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta*

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo padà dé. Atúnkọ̀ǹpútàṣe, ẹ kú iṣẹ́ lórí Linux yẹn, láptọ́ọ̀pù náà ti yá gágá, Thonny ni mo ń lò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Mo ní kó béèrè iye kóńgò, kó wá fi owó kóńgò kan sọ ọ́ di púpọ̀, ká ní 1500 náírà ni kóńgò kan. Ìlà tí mo kọ nìyí:

owo = iye * 1500

Mo tẹ 4, mo ń retí 6000. Ẹ ò ní gbà gbọ́, 4 ló kún ojú kọ̀ǹpútà láti òkè dé ìsàlẹ̀, 4444444 lọ bẹ́ẹ̀ lọ, mo kọ́kọ́ rò pé ó ti bàjẹ́ ni. Mo jókòó tì í ní alẹ́ méjì, mi ò béèrè lọ́wọ́ ChatGPT. Ìgbà tí mo ní kí Thonny máa gbé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo rí i pé 4 tó wà nínú iye yẹn ní àmì ọ̀rọ̀ lápá ọ̀tún àti apá òsì. Input, àṣẹ tí mo fi béèrè iye yẹn, ò fún mi ní nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ ló fún mi, Python wá kọ ọ̀rọ̀ yẹn ní ìgbà 1500 bí mo ṣe ní kó ṣe. Mo fi int, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà odidi, ká input yẹn mọ́, mo tẹ 4, ó ní 6000. Ẹ wò ó, mo pariwo, gbogbo ilé jí.

Mo wá gbé e fún màmá mi láàárọ̀, wọ́n tẹ 2.5 torí kóńgò méjì àbọ̀ ni obìnrin kan rà, ó tún kú. Mo ka ìlà ìsàlẹ̀ bí Ìyá Ìbejì ṣe wí, ValueError ló kọ, ó sì mú 2.5 yẹn síbẹ̀. Int ò gba àbọ̀. Mo yí i sí float tó ń gba àbọ̀, ó ṣiṣẹ́, àmọ́ 3750.0 ló ń kọ jáde, màmá mi ń béèrè pé òdo ẹ̀yìn yẹn ń kọ́? Wọ́n tún ní kó máa rántí orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè, torí tí mo bá pa á tí mo tún ṣí i, gbogbo ẹ̀ ti lọ. Mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ ìyẹn.

Àǹtí_TíṣàÒde

Inú mi dùn débi pé mo kà á fáwọn ọmọ kíláàsì mi lónìí. Mo kọ ìlà yẹn sójú pátákó, mo ní kí wọ́n sọ ohun tó máa jáde, gbogbo wọn ní 6000.

Ẹ̀gbọ́n_Ìwòyè

Ẹ bá mi kí màmá. Ti òdo ẹ̀yìn yẹn, wá format nínú f-string, ọ̀nà tí Python fi ń to ohun tó máa kọ jáde, ìlà kan ni. Ti gbèsè, fáìlì lo máa kọ ọ́ sí kó má bàa lọ. Dictionary ni kó o kọ́kọ́ kọ́, orúkọ lọ́wọ́ kan, owó lọ́wọ́ kejì, tó bá ti yé ẹ, wá csv, fáìlì tó ń to nǹkan bíi tábìlì, nínú ìwé àlàyé Python tí Ìyá Ìbejì ní kó o dáònlóòdù. Tó bá ti wà lọ́wọ́ ẹ, o ò nílò dátà fún un. Kí màmá sọ orúkọ mẹ́ta péré fún ẹ lálẹ́ òní, àwọn ni kó o fi bẹ̀rẹ̀.